Ọ̀pá Olójú Kan

Kò sí ọ̀pá họ́kì ọlọ́wọ́ òsì. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu, nítorí wọ́n ti rí ọ̀pá gọ́ọ̀fù ọlọ́wọ́ òsì rí, wọ́n sì ti gbọ́ pé àlùmọ́gàjí ọlọ́wọ́ òsì wà. Ṣùgbọ́n ní ti họ́kì orí pápá, òfin àjọ àgbáyé FIH sojú abẹ níkòó: apá òsì ọ̀pá nìkan ni ojú rẹ̀ ti gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ojú yẹn àti etí rẹ̀ nìkan la sì lè fi gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ̀yìn ọ̀pá, èyí tó rí roboto, kò gbọdọ̀ kan bọ́ọ̀lù. Bí ó bá kàn án, fèrè ti dún nìyẹn, bọ́ọ̀lù ti di ti ẹgbẹ́ kejì.

Òfin náà kò fi àyè púpọ̀ sílẹ̀ fún oníṣẹ́ àrà. Ọ̀pá kò gbọdọ̀ wúwo ju gíráàmù 737 lọ, kò gbọdọ̀ gùn ju sẹ̀ǹtímítà 105 lọ, ó sì gbọ́dọ̀ lè gba inú òrùka tí ihò rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 51 kọjá láìhá. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ kọrọdọ díẹ̀, títẹ̀ yẹn kò gbọdọ̀ ju mìlímítà 25. Láàrin ààlà yìí, àwọn tó ń ṣe ọ̀pá, ní Sialkot ní Pakísítánì, ní Jalandhar ní Íńdíà àti níbòmíràn, ti gbìyànjú oríṣiríṣi nǹkan: wọ́n ti kúrò lórí igi mulberry lásán bọ́ sórí kábọ́ọ̀nù àti fáíbà, wọ́n ti gé orí ọ̀pá kúrú, wọ́n ti ká a sókè. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí gbà lọ́wọ́ àjọ náà ni kí ojú pẹrẹsẹ bọ́ sí apá ọ̀tún, tàbí kí ọ̀pá kan ní ojú méjì.

Èmi tí mò ń kọ èyí, ọlọ́wọ́ òsì ni mí, mo sì ti pẹ́ lẹ́nu kíkọ́ àwọn ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́ girama ní họ́kì ní Ìbàdàn, lórí pápá tí erùpẹ̀ rẹ̀ pọ̀ ju koríko lọ. Lọ́dọọdún, bí a bá ti pín ọ̀pá tán, ọmọ kan á wá bá mi: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èyí ò bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ti ọlọ́wọ́ òsì dà?" Màá ní kò sí. Wọ́n sábà máa ń gbà á bí wọ́n ṣe ń gbà pé iná ò sí. Àfi ọmọ JSS 2 kan báyìí, alágídí ọmọ, tó dúró tì mí tí kò lọ. Ó ní, "Ta ló ní kó rí bẹ́ẹ̀, sà? Ṣé Ọlọ́run ni?"

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, èmi ò rẹ́rìn-ín. Nílẹ̀ wa, bí àgbà bá sọ fún ọmọdé pé kò dáa kó fi ọwọ́ òsì ṣe nǹkan, ẹ̀yìn Ọlọ́run ni àgbà náà máa ń sá sí bí ọmọ bá béèrè ìdí. Ọmọ yìí ti gbọ́ ọ nílé, ó ti gbọ́ ọ ní ilé kéwú tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó wá bá a lórí pápá. Ó tọ̀nà fún un láti rò pé ohùn kan náà ló ń sọ̀rọ̀.

Ní ti ọ̀pá, ìdáhùn kò ṣòro. Àwọn ọkùnrin kan ní Lọ́ńdọ̀nù ló kóra jọ ní 1886 tí wọ́n dá ẹgbẹ́ Hockey Association sílẹ̀ tí wọ́n sì to òfin eré náà. Àjọ àgbáyé fúnra rẹ̀, Paris ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1924. Kò sí òkè Sínáì kankan nínú rẹ̀. Ìdí tí àwọn olùkọ́ sì sábà máa ń sọ fún wa ni pé bí ẹnì kan bá ń fi ọ̀pá láti ọ̀tún tí ẹlòmíràn ń fi tiẹ̀ láti òsì, orí àti eyín ni yóò san án. Ìdí nìyẹn, èèyàn lè bá a jiyàn, èèyàn sì lè gbà á.

Ṣùgbọ́n ohun tí òfin yẹn bí ni ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dùn.

Níwọ̀n ìgbà tí ojú ọ̀pá jẹ́ ọ̀kan, bọ́ọ̀lù tó bá wà ní ọ̀tún rẹ rọrùn láti gbá. Èyí tó bá bọ́ sí òsì rẹ di wàhálà: o ní láti yí ọ̀pá po kí orí rẹ̀ dorí kodò, kí ojú pẹrẹsẹ yẹn lè kọjú sí bọ́ọ̀lù láti ìhà kejì. Nígbà tí orí ọ̀pá ṣì gùn bí ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́, yíyí yìí ṣòro púpọ̀. Àwọn ará Íńdíà ló gé orí náà kúrú. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọ̀pá síwá sẹ́yìn lórí bọ́ọ̀lù, ojú, ìdojúdé, ojú, ìdojúdé, kíákíá tó bẹ́ẹ̀ tí alátakò kò fi mọ ìhà tí bọ́ọ̀lù ń lọ. Íńdíà gba wúrà Òlíḿpíìkì mẹ́fà léraléra láti 1928 sí 1956. Dhyan Chand wà nínú mẹ́ta àkọ́kọ́, ní Amsterdam, Los Angeles àti Berlin, ìtàn tí wọ́n sì máa ń sọ nípa rẹ̀ ni pé àwọn kan fọ́ ọ̀pá rẹ̀ wò bóyá mágínẹ́ẹ̀tì wà nínú rẹ̀. Bóyá ó rí bẹ́ẹ̀, bóyá àsọdùn ni, mo fẹ́ràn ìtàn náà.

Wàyí o, èwo nínú ọwọ́ méjèèjì ló ń yí ọ̀pá? Ọwọ́ òsì ni. Òun ló wà lókè pátápátá, òun ló di ìdìmú pinpin, òun ló ń yí ọrùn ọwọ́. Ọwọ́ ọ̀tún wà nísàlẹ̀, ó rọ̀, ó kàn jẹ́ kí ọ̀pá máa yí nínú rẹ̀ ni. Ìgbà tí a bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù gan-an tàbí tì í ló máa ń da sùúrù nù. Ẹ wo onídùndún. Gbogbo èèyàn ló ń wo ọwọ́ ọ̀tún tó di kọ̀ǹgọ́ mú, tó ń lu awọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì tó ń fún ọṣán, tó ń tẹ̀ ẹ́ tó ń tú u, òun ló ń sọ ọ̀rọ̀. Bí o bá mú un kúrò, ariwo ló kù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀pá tí gbogbo ayé ń pè ní ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbá họ́kì nílé ìwé, olùkọ́ wa rò pé màá jẹ ìyà nítorí ọwọ́ mi. Láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀, èmi ni wọ́n ń ní kí n fi bí wọ́n ṣe ń yí ọ̀pá han àwọn tó kù. Ìgbá ńlá nìkan ni mi ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀, mi ò sì mọ̀ ọ́n títí di òní.

Nítorí náà, orúkọ tí a fún nǹkan lè pa irọ́ mọ́ ohun tí nǹkan ń ṣe. Àwọn ará Kánádà ti mọ èyí tipẹ́ nínú họ́kì orí yìnyín. Ọ̀pọ̀ kóòṣì wọn ló ń kọ́ ọmọ pé ọwọ́ tó lágbára, tó gbọ́n jù, ni kó wà lókè ọ̀pá. Ìdí nìyẹn tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn fi ń gbá láti ìhà òsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń kọ̀wé. Wayne Gretzky, tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé kò sẹ́ni tó tó o rí, ọ̀tún ló fi ń kọ̀wé, òsì ló sì ń gbá sí. Tí wọ́n bá bi ọ́ pé ọlọ́wọ́ wo ni Gretzky, kí lo máa wí?

Lórí yìnyín, wọn kì í fi ọ̀pá kan de gbogbo èèyàn. Olúkúlùkù ń ra tirẹ̀, ẹni tó ń gbá láti òsì ti òsì, ẹni tó ń gbá láti ọ̀tún ti ọ̀tún. Èèyàn á ní ìyẹn ni ìdájọ́ òdodo. Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, abẹ́ ọ̀pá náà gún gbọọrọ, ìhà méjèèjì rẹ̀ dọ́gba, ẹni tó bá wù sì lè pààrọ̀ ọwọ́ lójú eré. Gordie Howe ti Detroit máa ń ṣe bẹ́ẹ̀: bí wọ́n bá dí i ní ọ̀tún, ó ti gbé ọ̀pá sí òsì, bọ́ọ̀lù ti wọlé, tàbí kí n sọ pé páàkì, nítorí nǹkan pẹlẹbẹ ni wọ́n ń gbá níbẹ̀, kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni abẹ́ ọ̀pá Stan Mikita ní Chicago ṣẹ́ tí ó tẹ̀ lásìkò ìgbaradì. Ó fi ìbínú gbá páàkì pẹ̀lú rẹ̀, páàkì náà sì fò lọ́nà tí ẹnikẹ́ni ò rí rí. Òun àti Bobby Hull bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ abẹ́ ọ̀pá wọn, gbogbo ayé tẹ̀ lé wọn. Ìgbá le sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀pá tó ti tẹ̀ sí ìhà kan ti di ti ìhà yẹn títí ayé; ẹni tó di í mú kò tún lè pààrọ̀ ọwọ́ bíi ti Howe. Bí wọ́n ṣe fún olúkúlùkù ní tirẹ̀ náà ni wọ́n gba òmìnira kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹnì kan wà tó mú mi lọ́kàn jù nínú gbogbo wọn: Bill Durnan, aṣọ́lé àwọn Montreal Canadiens láti 1943 sí 1950. Ọlọ́wọ́ méjì ni. Wọ́n rán ìbọ̀wọ́ pàtàkì fún un, èyí tó lè fi di ọ̀pá, tó sì lè fi mú páàkì, ní ọwọ́ yòówù. Alátakò tó ń bọ̀ láti ọ̀tún á bá ọwọ́ ìmúǹkan níbẹ̀, èyí tó ń bọ̀ láti òsì á bá a níbẹ̀ náà. Nínú sáà méje, ẹ̀ẹ̀mẹfà ló gba Vezina, àmì ẹ̀yẹ àwọn aṣọ́lé. Wọ́n ní àárín àwọn ẹgbẹ́ ìjọ Ọlọ́run tó ń bá ara wọn gbá ní Toronto ló ti kọ́ ọgbọ́n yẹn ní kékeré. Mo máa ń sọ èyí fún àlùfáà wa nígbàkigbà tó bá ń ráhùn pé eré ìdárayá ń kó àwọn ọ̀dọ́ lọ kúrò ní ìjọ.

Immanuel Kant, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Königsberg, kọ nǹkan kan ní 1768 tó bá ọ̀rọ̀ wa mu. Ó ní ká wo ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì. Gbogbo ìwọ̀n wọn dọ́gba: ìka, gígùn, fífẹ̀, bí apá kan ṣe jìnnà sí apá kejì. Síbẹ̀, ìbọ̀wọ́ ọ̀tún kò lè wọ ọwọ́ òsì. Mú ọ̀pá họ́kì orí yìnyín méjì, ọ̀kan ti òsì, ọ̀kan ti ọ̀tún, kó o wọ̀n wọ́n, kó o gbé wọn sórí òṣùwọ̀n. Kò sí ohun tí o máa kọ nípa ọ̀kan tí o ò ní kọ nípa èkejì. Ṣùgbọ́n yí wọn títí ilẹ̀ fi máa ṣú, ọ̀kan kò ní jókòó sí àyè èkejì. Ọ̀rọ̀ nípa àyè gbogbo ni Kant ń fìyẹn wá. Èmi rí nǹkan mìíràn mú níbẹ̀: ìyàtọ̀ wà láàrin òsì àti ọ̀tún, ìyàtọ̀ tí kò ṣe é parẹ́, ṣùgbọ́n kò sí òṣùwọ̀n kan láyé tó lè sọ fún ọ pé èyí dínkù sí tọ̀hún. Ẹni tó bá rí àbùkù níbẹ̀, òun ló mú un wá.

Yàtọ̀ sí ọ̀pá kan fún gbogbo èèyàn àti ọ̀pá tí olúkúlùkù ń ra tirẹ̀, ọ̀nà kẹta wà. Ní àwọn òkè Skọ́tílándì, wọ́n ń gbá eré kan tó jẹ́ ìbátan họ́kì, shinty, àwọn ará Áyálándì sì ní tiwọn, hurling. Ọ̀pá wọn kò ní ojú, kò ní ẹ̀yìn. Ìhà tó bá wù ọ́ ni kó o fi gbá. Mo ní, kí ló dé tí àwa ò lè ní irú rẹ̀? Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá agbẹ́gi kan tó ń gbẹ́ ìlù. Ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ọ̀pá náà ṣe, mo ní ọmọ ilé ìwé ni mo fẹ́ fi kọ́. Bàbá náà wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní òun ò ní gbẹ́ kùmọ̀ tí wọ́n máa fi pa ọmọ ọlọ́mọ. Ó pẹ́ kí n tó rí i fi yé e. Igi apá ló fi gbẹ́ ẹ, ojú méjèèjì pẹrẹsẹ, ó dán, ó sì wúwo ju bí òfin ṣe fẹ́ lọ.

Àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀ bí nǹkan míì. Ẹni tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kì í fẹ́ fi í sílẹ̀. Bọ́ọ̀lù tó bá bọ́ sí òsì kò tún jẹ́ wàhálà fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí mo fi rí i pé àwọn tó ń lò ó kò yí ọrùn ọwọ́ mọ́. Wọ́n ń ti bọ́ọ̀lù síbí sọ́hùn-ún bí ẹni ń gbálẹ̀, ijó yẹn ti lọ. Ojúgun àwọn tó ń dí wọn sì jẹ ìyà, torí wọn kò mọ ìhà tí ọ̀pá ń gbà bọ̀. Mo gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn wa ló wà báyìí. Ìyàwó mi ń fi í lé ewúrẹ́.

Mo ti rí ẹni tó máa sáré fò mọ́ ibí yìí: "Ẹ ò rí i pé ìdènà ló ń bí ọgbọ́n?" Rárá o, ẹ dákẹ́ ná. Ọ̀rọ̀ yẹn dára lẹ́nu, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí wọ́n ti ń lò ó. Nígbà tí mo wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ kan máa ń fi etí rúlà gbá mi ní eegun ìka bí mo bá fi òsì mú pẹ́ńsù. Ó ní ire mi lòun ń wá, ó ní màá dúpẹ́ lọ́jọ́ iwájú. Ọjọ́ iwájú ti dé, ọ̀tún ni mo fi ń kọ̀wé, ìkọ̀wé náà burú, mi ò sì rí ohun tí mo fẹ́ dúpẹ́ fún. Bí ìdènà bá jẹ́ ìdí tó tó fún ara rẹ̀, rúlà yẹn náà ti di ẹ̀kọ́ ọgbọ́n.

Kí ló wá ya ọ̀pá olójú kan sọ́tọ̀ kúrò lára rúlà? Ìbéèrè tí mo fi ọ̀pọ̀ àṣálẹ́ rò nìyí. Kí n tó sọ ohun tí mo rí, ẹ jẹ́ kí n yà sí ibi tí ọmọ JSS 2 nì tọ́ka sí, nítorí àwọn tó ń lo rúlà kì í sọ pé àwọn ló ni òfin.

Ìjọ Àǹgílíkà ni wọ́n ti tọ́ mi. Ìwé Mátíù orí 25 ni wọ́n máa ń kà sí wa létí: àgùntàn ní ọ̀tún, ewúrẹ́ ní òsì, iná ni fún ewúrẹ́. Mo jókòó lórí àga, mo ń wo ọwọ́ mi. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi nígbà náà pé kí n ka àwọn ẹsẹ tó tẹ̀ lé e, níbi tí Jésù ti sọ ohun tí àwọn ewúrẹ́ ṣe. Ẹni tébi ń pa ni wọ́n kọ̀ láti fún lóńjẹ, àlejò ni wọ́n kọ̀ láti gbà sílé. Ibi tí wọ́n dúró sí kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ wọn. Nínú Bíbélì kan náà ni Éhúdù wà, nínú ìwé Àwọn Onídàájọ́ orí 3, ọlọ́wọ́ òsì tí Ọlọ́run gbé dìde láti gba Ísírẹ́lì. Itan ọ̀tún ló di idà mọ́, tó fi wọlé tọ ọba Móábù lọ. Ní orí 20, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ọkùnrin ọlọ́wọ́ òsì ló ń ta kànnàkànnà láìtàsé fọ́nrán irun. Àwọn tó wá bá Dáfídì ní Síkílágì sì ńkọ́, nínú Kíróníkà Kìíní orí 12? Ọ̀tún àti òsì ni wọ́n fi ń sọ òkò, tí wọ́n fi ń ta ọfà. Ọlọ́wọ́ méjì ni wọ́n, bíi Durnan. N ò gbọ́ ìwàásù kan rí lórí wọn.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi jẹ́ àáfà. Kò gbà kí n fi òsì jẹun nínú ilé rẹ̀, kò sì fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́: hadíìsì wà tó ní Ṣàítánì ló ń fi òsì jẹ tó sì ń fi òsì mu. Mo bọ̀wọ̀ fún un, ọ̀tún ni mo fi ń jẹun nílé rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí a jọ ń jiyàn lórí èyí, òun fúnra rẹ̀ ló sọ òmíràn fún mi, láti inú àkójọ Muslim: pé àwọn onídàájọ́ òdodo, àwọn tó ń ṣe déédéé nínú ìdájọ́ wọn àti láàrin ará ilé wọn, máa wà lórí mínbárì ìmọ́lẹ̀ ní ọ̀tún Ọba Àjọkẹ́-ayé, ọwọ́ Rẹ̀ méjèèjì sì jẹ́ ọ̀tún. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ẹni tí kò ní òsì rárá! Àáfà ní kí n má sáré tú ìyẹn bí ó ṣe wù mí, pé àwọn onímọ̀ ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí rẹ̀. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí mú kò nílò ìtumọ̀ jíjìn: àwọn tó ń ṣe déédéé ni hadíìsì yẹn ń sọ nípa wọn. Ìlà tó pín òsì àti ọ̀tún, ọ̀dọ̀ àwa ẹ̀dá ló wà.

Ilé àwọn baba wa ńkọ́? A ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Òtítọ́ ni, wọ́n sì tọ́ mi pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ayé ló mọ̀ pé ọwọ́ òsì ni àwọn Ògbóni fi ń kí ara wọn, àwọn tí ọba pàápàá ń bẹ̀rù. Babaláwo kan wà ládùúgbò wa tó máa ń jẹ́ kí n jókòó wo bó ṣe ń pa ikin. Ikin mẹ́rìndínlógún wà lọ́wọ́ rẹ̀, á fi ọwọ́ ọ̀tún gbá wọn mú lẹ́ẹ̀kan náà, á wo ohun tó ṣẹ́kù sí ọwọ́ òsì. Bí ẹyọ kan bá kù, á tẹ ìlà méjì. Bí méjì bá kù, á tẹ ìlà kan. Ohun tí ọ̀tún kó lọ kò sọ nǹkan kan. Ohun tó kù ní òsì ni Ifá. Lóòótọ́, ìhà ọ̀tún odù ni wọ́n ń kọ́kọ́ tẹ̀, òun náà ni wọ́n ń kà sí àgbà. Mo bi bàbá náà pé èwo ló wá ṣe pàtàkì. Ó ní, "Ìwọ tíṣà, o fẹ́ràn kó o máa fi nǹkan díje." Ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ní 1909, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Robert Hertz, kọ àròkọ kan lórí ipò gíga ọwọ́ ọ̀tún. Ogun Àgbáyé Kìíní ló pa á ní 1915, kò sì pé ọmọ ogójì ọdún. Ó ní ó ṣeé ṣe kí ara ní ìyàtọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n àwùjọ ló mú ìyàtọ̀ kékeré yẹn tó fi ṣe ilé ńlá: ọ̀tún di mímọ́, òsì di àìmọ́, ọ̀tún di alágbára, òsì di ẹni tí a fi sábẹ́. Mo gba ohun tó sọ, àmọ́ Hertz kò gbá họ́kì. Ìbá gbá a ni, ìbá rí i pé kì í ṣe gbogbo òfin tó yan ìhà kan ló ń ṣiṣẹ́ ibi kan náà.

Ohun tí mo rí rèé, ìdánwò méjì. Àkọ́kọ́ ni pé ta ló ń ru ẹrù òfin. Òfin ọ̀pá olójú kan, gbogbo wa ló ń ru ẹrù rẹ̀. Ọmọ ọlọ́wọ́ ọ̀tún ní ìhà tó ṣòro fún un, ìhà òsì rẹ̀. Ọmọ ọlọ́wọ́ òsì náà, ìhà òsì rẹ̀ ló ṣòro. Dhyan Chand yí ọ̀pá, ọmọ tó wọ pápá lánàá ń yí ọ̀pá. Àwọn tó ṣe òfin náà kò yọ ara wọn sílẹ̀. Òfin rúlà ńkọ́? Bí wọ́n bá kó èèyàn mẹ́wàá jọ, nǹkan bí ẹnì kan ló jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì. Òun nìkan ni wọ́n ń lù. Àwọn mẹ́sàn-án tó kù kò tilẹ̀ mọ̀ pé òfin wà, olùkọ́ tó sì gbé rúlà dání kò san kọ́bọ̀ nínú rẹ̀ rí.

Ìdánwò kejì ni pé kí olófin lè fi ìdí òfin rẹ̀ hàn mí níbi tí a dúró sí. Ẹ wo póló. Kò sí àyè fún ọlọ́wọ́ òsì níbẹ̀ rárá, yálà ní pápá póló Ìbàdàn tàbí níbòmíràn. Ọ̀tún ni gbogbo wọn gbọ́dọ̀ fi di ọ̀pá. Ẹrù yẹn wúwo ju ti họ́kì lọ, nítorí ọlọ́wọ́ òsì nìkan ló ń rù ú, inú mi kò sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n bí ẹṣin méjì bá ń sáré bọ̀ wá pàdé ara wọn, tí olúkúlùkù fi bọ́ọ̀lù sí ìhà ọ̀tún ẹṣin rẹ̀, wọ́n máa kọjá lára ara wọn. Bí ọ̀kan bá fi sí òsì, wọ́n máa kọlu ara wọn. Mo lè rí i pẹ̀lú ojú mi. Kò sẹ́ni tó fi ẹṣin hàn mí rí nínú kíláàsì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ìdáhùn mi sí ọmọ yẹn kò gùn. Mo ní Ọlọ́run kọ́, èèyàn ni, èèyàn tó wọ bàtà bíi tìrẹ tó sì tẹ̀ lé òfin náà. Ó bi mí bóyá wọ́n lè yí i padà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ti yí ọ̀pọ̀ òfin họ́kì padà lójú mi, bóyá ìran tirẹ̀ ló máa yí èyí. Bí wọ́n bá yí i, mo máa ṣọ̀fọ̀ ijó ọ̀pá yẹn díẹ̀, mi ò ní ṣọ̀fọ̀ ìwà mímọ́ kankan, nítorí kò sí nínú rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín fún kò sí lọ́wọ́ FIH. Ẹ̀yin olùkọ́ jẹ́léósinmi, ẹ̀yin àáfà ilé kéwú, ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń gba síbí kúrò lọ́wọ́ ọmọ kí ẹ tó fi sí ọwọ́ kejì: bí ẹ bá fẹ́ kọ́ ọmọ ní ọ̀wọ̀, pé kó fi ọ̀tún kí àgbà, ẹ kọ́ ọ, kí ẹ sì sọ fún un pé ìwà ọmọlúàbí wa ni, àdéhùn wa ni. Ẹ má sọ fún un pé ọwọ́ tí Ẹlẹ́dàá so mọ́ ọn lára kò mọ́. Ẹ jẹ́ kó fi ọwọ́ tó wù ú kọ̀wé. Bí ó bá sì fẹ́ gbá họ́kì, ẹ mú un wá; ọ̀pá kan náà tí gbogbo wọn ń lò la máa fún un, òsì rẹ̀ la sì máa fi sókè.